Ìlú ọ̀rẹ́ ní òkè òkun: Ìbàdàn àti Cleveland

Ìlú ọ̀rẹ́, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní sister city, ni ìlú méjì tó wà ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àwọn aláṣẹ wọn sì jọ tọwọ́ bọ ìwé pé àwọn yóò máa bára wọn ṣe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ìlú ló ń bá ìlú sọ̀rọ̀, àwọn ará ìlú ló sì ń gbé e ró: akẹ́kọ̀ọ́, dókítà, oníṣòwò, òṣèré, ìjọ. Láti ọdún 1974 ni Ìbàdàn ti wà nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà.

Oríṣiríṣi nǹkan ló ń so ìlú pọ̀. Orúkọ ló so Toledo ti Ohio àti Toledo ti Spéènì pọ̀ ní 1931. Ti Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Stalingrad ní Rọ́ṣíà ló wọni lọ́kàn jù. Òru ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 1940 ni bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì run àárín Coventry. Nígbà tí ìròyìn ìyà tó ń jẹ àwọn ará Stalingrad dé etí wọn, obìnrin tó lé ní 800 ní Coventry dá sísì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe orúkọ wọn sára aṣọ tábìlì kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i ni pé ìrànlọ́wọ́ kékeré sàn ju ìbánikẹ́dùn ńlá lọ. Aṣọ náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Stalingrad, tó ti di Volgograd báyìí. Ọdún 1944 ni ìlú méjèèjì di ọ̀rẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìpàdé tí Ààrẹ Dwight Eisenhower pè ní White House ní oṣù kẹsàn-án 1956 ló jẹ́ kí ètò náà gbilẹ̀.

Cleveland wà létí adágún Erie. 1796 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó jagunjagun ní 1829. Ilé iṣẹ́ irin Cleveland ló fa ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú wá láti gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ wọn ló sì wà lára àwọn tó dìbò fún Carl Stokes ní 1967, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí yóò jẹ méyọ̀ ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà. Ọdún méje péré ló wà láàárín ìdìbò yẹn àti àdéhùn pẹ̀lú Ìbàdàn.

Ohun kan tún wà tí ìlú méjèèjì fi jọra, tí a kì í sábà mẹ́nu bà: odò tó dá wọn lóró. Epo àti ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ bo ojú odò Cuyahoga títí iná fi ràn lórí omi ní oṣù kẹfà 1969. Iná náà wà lára ohun tó ti Amẹ́ríkà dé ibi òfin omi mímọ́ ti 1972. Ní Ìbàdàn, Ògùnpa kún ní oṣù kẹjọ 1980, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní oṣù kẹjọ 2011. Bí ìlú méjì bá fẹ́ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ ara wọn, ọ̀rọ̀ odò àti pàǹtírí yìí ló yẹ kó ṣáájú ijó àti àsè. Ọ̀rọ̀ ìwòsàn náà wà níbẹ̀: ilé ìwòsàn ńlá Cleveland Clinic ti wà láti 1921, UCH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Ìbàdàn, láti 1957.

Ará Ìbàdàn mọ àlejò í gbà. Àwọn Haúsá ti tẹ̀dó sí Sábó láti 1916, àwọn ajíhìnrere David àti Anna Hinderer sì ti fi Kúdẹtì ṣe ilé ṣáájú wọn. Oríkì ìlú fúnra rẹ̀ ní Ìbàdàn kì í gbé onílé bí àjèjì. Ibi tí ìṣòro wà ni ọwọ́ tí yóò di ìwé àdéhùn mú.

Ní 1974, Ìbàdàn ni olú ìlú Western State, Olúwọlé Rótìmí ni gómìnà ológun. Ọdún 1976 ni wọ́n pín ìpínlẹ̀ náà sí mẹ́ta. Ní 1991, wọ́n pín ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣàkóso àárín ìlú sí márùn-ún. Tí a bá ka mẹ́fà tó yí i ká mọ́ ọn, ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni Ìbàdàn ní lónìí, alága kọ̀ọ̀kan ń mójú tó tirẹ̀. Olúbàdàn ni baba gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń ṣe ètò ìṣúná. Méyọ̀ kan ṣoṣo ni Cleveland ní. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá dé, kò sí ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn tó lè dá èsì pa dà lórúkọ gbogbo ìlú.

Níbi tí irú ìbárẹ́ yìí ti tọ́jọ́, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú ló máa ń dì í mú: wọ́n ń tọ́jú ìwé, wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé, wọn kì í sì í bá ìjọba kógbá wọlé. Yunifásítì Ìbàdàn, UCH àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Ìbàdàn nílé lóko ní ènìyàn àti ìrírí tí wọ́n lè fi ṣe é, láì dúró de alága kankan.