Bí Aṣíwájú Rere Ṣe Ń Dàgbà Sẹ́nu Iṣẹ́

Wọ́n lè fi ènìyàn joyè lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń mọ bí a ṣe ń darí ènìyàn lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń kọ́ni ni iṣẹ́ tó ju agbára ẹni lọ díẹ̀, tí wọ́n gbé léni lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá kan ṣì wà nítòsí. Iṣẹ́ tó bá rọrùn jù kì í kọ́ni ní nǹkan kan; èyí tó bá wúwo jù, ìpayà ló ń mú wá.

Lẹ́yìn iṣẹ́, àyẹ̀wò ló kù. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń ṣe é láti àwọn ọdún 1970: tí ìdánrawò bá parí, ọ̀gá àti ọmọ abẹ́ á jókòó pa pọ̀, wọ́n á bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, àti ohun tó fà á. Tí ọ̀gá bá kọ́kọ́ ka àṣìṣe tirẹ̀, ó máa ń rọ àwọn yòókù lọ́rùn láti sọ tiwọn.

Gbígbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ abẹ́ ló ṣòro jù fún olórí, pàápàá olórí tó mọṣẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, kùrukùru bo pápákọ̀ òfurufú kan ní Tenerife, erékùṣù kan tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Spain. Ọ̀gá awakọ̀ kan ní KLM, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Netherlands, ẹni tó ń kọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn níṣẹ́, ti ń sáré láti gbéra. Ẹnjiníà tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ bi í bóyá ọkọ̀ Pan Am, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà kan, ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkọ̀ méjèèjì kọlura, ènìyàn 583 sì kú. Ìdíwọ́ orí rédíò wà lára ohun tó fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó lè gbà wọ́n là ti jáde lẹ́nu ẹnìkan.

Ní 1981, United Airlines, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà mìíràn, bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń kọ́ igbákejì láti sọ̀rọ̀ láìfi sábẹ́ ahọ́n, wọ́n sì ń kọ́ ọ̀gá láti béèrè èrò kó tó pinnu. Ní oṣù Keje 1989, ẹ́ńjìnnì tó wà níbi ìrù ọkọ̀ United 232 fọ́ lójú òfurufú, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń tọ́ ọkọ̀ náà sọ́nà sì kọṣẹ́. Al Haynes tó jẹ́ ọ̀gá awakọ̀ kò díbọ́n pé òun mọ ọ̀nà àbáyọ. Ó gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀, kódà ó gba olùkọ́ awakọ̀ kan tó jẹ́ èrò inú ọkọ̀ náà wọlé, ó sì ní kó máa darí agbára ẹ́ńjìnnì méjì tó ṣẹ́kù. Nínú ènìyàn 296, 184 ló yè. Haynes fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló ran àwọn lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé kí olórí fọwọ́ lẹ́rán o. Nínú ìwádìí tí Kurt Lewin, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1939 lórí ẹgbẹ́ àwọn ọmọdékùnrin, àwọn tí olórí wọn kàn ń wò wọ́n kò rí iṣẹ́ gidi ṣe. Àwọn tí olórí wọn ń pàṣẹ ṣáá ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀, wọ́n sì ń dẹwọ́ tó bá jáde. Àwọn tí tiwọn ń bá wọn jíròrò ń bá iṣẹ́ lọ bó wà, bí kò sí. Nítorí náà, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lé ẹnìkan lọ́wọ́, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́jọ́ tí kò sí níbẹ̀.