Aye-aye kì í fi ìka yan ẹni tí yóò kú

Ní àwọn abúlé kan ní Madagásíkà, bí ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní aye-aye bá na ìka àárín rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹnì kan, wọ́n gbà pé ikú ti yan onítọ̀hún nìyẹn. Àwọn mìíràn ní ṣe ló máa ń yọ́ wọlé lóru láti fi ìka náà gún èèyàn lọ́kàn. Nítorí náà, ẹni tó bá rí i ní ìtòsí ilé á fẹ́ pa á. Níbòmíràn, wọn a gbé òkú rẹ̀ kọ́ sórí òpó lẹ́bàá ọ̀nà, kí àlejò tó ń kọjá lè bá wọn gbé àjálù náà lọ. Kì í ṣe gbogbo ará Madagásíkà ló gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìgbàgbọ́ yìí ti pa ọ̀pọ̀ ẹranko tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Oúnjẹ ni ìka ọ̀hún ń wá. Lémúrì, ẹranko orí igi tó jẹ́ ìbátan ọ̀bọ, ni aye-aye, ọ̀kan lára irú tó lé ní 100 tí orírun gbogbo wọn jẹ́ Madagásíkà. Ó wúwo tó kílò méjì àbọ̀, irun rẹ̀ dúdú, ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, òru ló sì ń jẹ̀. Bó bá gun igi tó ti ń kú, á máa fi ìka àárín kan ara igi náà, kó-kó-kó, ó lè tó ìgbà 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì dẹ etí rẹ̀ ńláńlá síwájú. Ibi tí ìdin bá ti jẹ inú igi gbà, ìró rẹ̀ kì í dún bíi ti ibi tó le. Ibẹ̀ ló máa fi eyín iwájú gé. Eyín yìí kì í dẹ́kun híhù, bíi ti òkété. Kò yani lẹ́nu pé ní 1788, ọ̀kẹ́rẹ́ ni onímọ̀ kan ní Yúróòpù kà á sí.

Bí ihò bá ti ṣí, ìka á wọlé. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8, ó gbẹ bí ẹni pé egungun lásán ni, oríkèé ìdí rẹ̀ sì ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí oríkèé èjìká wa. Ìyẹn ni ó fi lè tẹ̀ kọrí nínú ihò tóóró, tí á fi èékánná orí rẹ̀ kọ́ ìdin jáde. Kò sí ẹyẹ àkókó ní Madagásíkà. Iṣẹ́ àkókó ni aye-aye ń ṣe níbẹ̀. Ìka yìí lè dá nà ṣánṣán nígbà tí àwọn yòókù ká. Ẹni tó bá ṣàdédé tan tọ́ọ̀ṣì sí i, tí ojú ẹranko náà méjèèjì ń kọ mànà, ó rọrùn fún un láti rò pé òun ni wọ́n ń nàka sí.

Aye-aye kì í tún sábà sá fún èèyàn. Ó lè máa rìn bọ̀ wá bá ọ lójú ọ̀nà, ìwà tó ń mú kí wọ́n rí i pa. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, tàbí àgbàlagbà tó ti ń ṣàìsàn, kì í sì í tán ní abúlé. Bí ọ̀kan bá kú láàárín oṣù tí wọ́n rí aye-aye, gbogbo ìlú á rántí. Oṣù tí wọ́n rí i tí ẹnikẹ́ni ò kú, ta ni yóò kà á? Àwa náà ò kúkú yàtọ̀. Òwìwí ń jìyà ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni galago, ẹranko olójú ńlá inú igbó wa tó jẹ́ ìbátan lémúrì, tí ọ̀pọ̀ ń pe igbe rẹ̀ lóru ní igbe egbére.

Pípa aye-aye ń ṣe ìpalára fún irú wọn ju bí a ṣe rò lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni abo ń bí, lẹ́yìn oyún bí oṣù márùn-ún ààbọ̀, ó sì lè tó ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó tún bí òmíràn. Akọ kan lè máa jẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà 100 lọ, nítorí náà wọn kì í pọ̀ lójú kan. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n rò pé ó ti run. 1957 ni wọ́n tún rí i. Ní 1966, wọ́n kó mẹ́sàn-án lọ sí erékùṣù Nosy Mangabe kí wọ́n má bàa parẹ́. Igbó tí wọ́n ń gé tí wọ́n ń sun ló ń bà wọ́n jẹ́ jù lóòótọ́, òun náà ló sì ń lé wọn wá sí abúlé.

Kí a má sì sọ pé èèwọ̀ Madagásíkà burú tán. Indri, lémúrì ńlá tí wọ́n ń pè ní babakoto, èèwọ̀ ni láti pa á ní ọ̀pọ̀ ibi, torí wọ́n kà á sí ìbátan àwọn baba ńlá.

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́ ni ti oko. Aye-aye á dá ihò sí ara àgbọn, á mu omi rẹ̀, á sì fi ìka kan náà ha ẹran inú rẹ̀ jẹ. Ó ń jẹ máńgòrò àti ìrèké pẹ̀lú. Páànù dídán tí àwọn olóko ń yí mọ́ ara igi àgbọn nítorí eku lè dí òun náà lọ́nà, torí èékánná kì í rí nǹkan dì mú lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí imọ̀ igi náà bá kan ti èkejì, orí igi ni yóò gbà kọjá, páànù á kàn wà níbẹ̀ lásán.