Gíláàsì Nínú Egungun Tó Kán

Ẹni tí ọ̀kadà gbá ní Òkè-Fìà, tí a wá sọ fún pé gíláàsì kan wà tó ń ran egungun lọ́wọ́, á rò pé a fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ti fèrèsé kọ́ o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Larry Hench ló ṣe irú èyí ní Yunifásítì Florida lọ́dún 1969. Èròjà inú yanrìn kò pọ̀ nínú rẹ̀ tó ti fèrèsé, kálísíọ̀mù àti sódíọ̀mù ló pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi ara fi ń yọ́ ọ. Bó ṣe ń yọ́, kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì á dì sí ara rẹ̀, wọ́n á di irú èròjà tó wà nínú egungun gan-an, egungun á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Irin tí à ń dè mọ́ ẹsẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti wá ń fa gíláàsì yìí bí òwú. Wọ́n á po èròjà rẹ̀ mọ́ nǹkan tó ń fà bíi gọ́ọ̀mù, wọ́n á tì í gba ẹnu abẹ́rẹ́, iná ẹlẹ́ńtíríìkì tó lágbára gan-an á fà á gùn, lẹ́yìn náà wọ́n á sun ún nínú ààrò kí nǹkan tó ń fà yẹn lè jóná tán. Irun orí kan nípọn ju fọ́nrán rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín alààyè tó para pọ̀ di ara wa, fẹ́ràn irú ibẹ̀ láti dì mú, torí fọ́nrán tíntìntín ló wà nínú egungun tiwa náà. Omi ara sì ń kan án níbi gbogbo, ó ń tètè ṣiṣẹ́.

Ibi tí àwọn tó ń yìn ín máa ń fò dá ni pé ó ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Kò lè gbé ènìyàn dúró. Wọ́n ń pò ó mọ́ gẹlatíìnì, èròjà rírọ̀ tí wọ́n ń sè jáde lára awọ àti egungun ẹran, kó lè rọ̀, síbẹ̀ egungun itan ṣì nílò irin.

Oníṣègùn eyín ti ń lo gíláàsì yìí lóníhóró. Nínú yàrá ìwádìí àti lára ẹranko ni fọ́nrán tíntìntín yẹn ṣì pọ̀ sí jù. Tẹ́nikẹ́ni ní Òṣogbo bá ní òun fẹ́ fi í sí yín lẹ́sẹ̀, ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tí àlàfo bá wà nínú egungun yín, egungun ìbàdí yín náà la máa ń gé díẹ̀ fi dí i. Ó dára, torí sẹ́ẹ̀lì alààyè wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ aláìsàn ló máa ń sọ pé ibi tá a ti gé e dun àwọn ju ẹsẹ̀ lọ, ìrora yẹn gan-an sì ni àwọn tó ń fa òwú gíláàsì fẹ́ gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.