Kí ọmọ yín tó fi yunifásítì sílẹ̀ torí NFL, ẹ bi í léèrè rọ́ùndì

Tó bá ti di ìparí ọdún báyìí, fóònù mi ò ní sinmi. Ìyá kan á pè, "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ o, ó ní òun ò padà sí skúùlù mọ́, NFL ti fẹ́ mú òun." Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì to ọ̀rọ̀ ìwé àti eré wọn, ohun tí mo sì máa ń bèèrè kì í ṣe bóyá wọ́n á mú un. Rọ́ùndì wo ni? Lọ́dọọdún, àwọn tíìmù NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ń sanwó, máa ń tò pe orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú ní ìpele ìpele, ìyẹn là ń pè ní dírááfù, ìpele kọ̀ọ̀kan ni rọ́ùndì.

Òfin ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdìrì kó tó wọ dírááfù. Maurice Clarett tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì Ohio State gbé òfin yẹn lọ sí kóòtù, adájọ́ kan dá a láre ní 2004, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà lọ́dún yẹn náà, kò sẹ́ni tó gbọ̀n ọ́n látìgbà yẹn.

Rọ́ùndì 7 ló wà, ibi tí wọ́n bá ti pe orúkọ ẹ lowó ẹ wà, kò sí pé à ń nájà. Ní 2010 Sam Bradford tó gba ipò kìíní, ìyẹn ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè, rí mílíọ̀nù 50 dọ́là tó dájú, wọ́n wá yí àdéhùn padà, Cam Newton tó gba ipò kan náà ní 2011, gbogbo kọ́ńtráàtì ẹ ò ju mílíọ̀nù 22 lọ. Ní rọ́ùndì kìíní, owó ọdún mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú tán, tí wọ́n bá lé ọmọ náà wọ́n á ṣì san án. Àmọ́ tó bá ti di rọ́ùndì karùn-ún sí ìsàlẹ̀, owó ìbuwọ́lùwé nìkan lẹ lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, ìyókù dìgbà tó bá wà nínú tíìmù.

Ẹ wo Olumuyiwa Fashanu, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń sọ pé rọ́ùndì kìíní ni lọ́dún 2023, ó ní rárá, ó padà sí Penn State, tíìmù Jets mú un ní ipò 11 ní 2024. Oluwole Betiku tó ti Èkó wá, ó ṣe bẹbẹ ní Illinois ní 2019, ó jáde, wọ́n pe orúkọ títí rọ́ùndì 7 fi tán, kò sí tiẹ̀ níbẹ̀. Tíìmù Giants gbà á láìsí dírááfù, COVID tún fagi lé gbogbo eré ìdánrawò ọdún yẹn, níbo ló ti fẹ́ fi ara ẹ̀ hàn? Kò sì sí pé á padà sí skúùlù o, bí ọjọ́ tí ọmọ lè yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú dírááfù bá ti kọjá ní January, ilẹ̀kùn tì nìyẹn.

Mi ò sọ pé kí gbogbo èèyàn dúró o. Matt Leinart dúró ní USC nígbà tí gbogbo ayé rò pé òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú ní 2005, ọdún tó tẹ̀ lé e ipò 10 ló bọ́ sí. Ọmọ tó bá jẹ́ running back, ìyẹn ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, tí wọ́n ń fi ara gbá lójoojúmọ́, tí rọ́ùndì kejì sì dájú fún un, èmi á ní kó máa lọ, orúnkún ò ní spare.

Ṣùgbọ́n láti 2021 tí ọmọ ti lè fi orúkọ ẹ̀ pawó ní skúùlù, ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ lè máa rí ju ohun tí NFL máa fún un lọ, kó sì gba dígírì ẹ̀. Kóòṣì lè béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ NFL, èsì mẹ́ta ni wọ́n ń fún èèyàn: rọ́ùndì kìíní, kejì, tàbí padà sí skúùlù. Ẹ ní kí ọmọ yín fi èsì yẹn hàn yín, kí ẹ fojú ara yín kà á, ẹ má gba àgbọ́sọ ẹ́jẹ́ǹtì, torí owó òun ò lè wọlé àfi tí ọmọ bá jáde.