Ìpele kì í ṣe oyè nínú ẹgbẹ́ oníjó

Èrò kan wà tó máa ń tú ẹgbẹ́ oníjó ká: pé oyè ni ìpele. Ẹni tó bá ti dé ìpele kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ọmọ ẹ̀yìn wo ẹni tó ṣì wà ní ìkíní. Bẹ́ẹ̀ ìpele kò sọ pé èèyàn mọ ijó jó. Iye ìpè, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n ń ké fún oníjó, tó lè dáhùn láì dúró ronú ló ń sọ.

Square dance ti Amẹ́ríkà ló fi èyí hàn jù. Àwọn mẹ́jọ ló ń jó o pọ̀, méjì-méjì ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Olùpè ń pe ohun tí wọ́n máa ṣe sínú makirofóònù, kò sì sẹ́ni tó mọ ìpè tó kàn. Callerlab, ẹgbẹ́ àwọn olùpè tó ṣe àpérò àpapọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1974, ló ń to àwọn ìpè sí ìpele. Èyí tó kéré jù, Social Square Dancing, ní ìpè 50. Mainstream lé e, Plus fi nǹkan bí 30 kún un, Advanced àti Challenge wà lókè.

Ẹ wo Square Thru, ọ̀kan lára àwọn ìpè náà, kí ẹ rí ìdí tó fi le bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wàá fi gba ti ẹni tó kọjú sí ọ, ẹ ó kọjá ara yín, wàá yí sí ẹnìkejì rẹ, wàá wá fi òsì gba tirẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tí ẹnì kan bá na òsì lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ tó yẹ kó bá pàdé ti kọjá. Ẹni kejì dúró, ẹni kẹta kò rí ẹni dì mú, kò sì ní pẹ́ tí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á fi dúró gbagidi tí orin ń lọ. Ohun tó kù ni kí oníkálukú padà sí àyè rẹ̀, kí wọ́n to ìlà méjì tó kọjú síra, kí wọ́n dúró de olùpè. Bí èésú ló rí: tí ẹnì kan kò bá dá tirẹ̀, ẹni tó kàn láti kó ló máa jìyà.

Salsa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì péré ni. Tí ẹnìkejì rẹ kò bá mọ òyì kan, wàá padà sí ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀, kò sì pa ẹlòmíì lára. Ní kíláàsì, ìpele wúlò. Kí a máa fi ìpele pín èèyàn níbi àríyá salsa, kò ní ìdí.

Ní Kàbà tàbí Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogi, iye èèyàn ló máa pinnu. Tí ogún èèyàn bá pín sí ìpele mẹ́ta, mẹ́sàn-án, mẹ́fà, márùn-ún, ìpele kan ṣoṣo ló máa rí mẹ́jọ kó jọ. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń gba àgọ́ Asaya wọ ìpínlẹ̀ náà sì máa ń lọ lẹ́yìn ọdún kan. Ẹgbẹ́ tó gbé ìpele òkè lé wọn lórí á tú. Ìpè 50 náà tó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè é káàkiri ayé, títí dé Jámánì àti Japan, nítorí náà ìyá tí kò kàwé lè kọ́ ọ bí ìró ìlù. Kí jẹnẹrétọ̀ sáà ti jìnnà sí gbọ̀ngàn, kí ariwo rẹ̀ má bo ìpè mọ́lẹ̀.

Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ń pè ní angel, ló ń ran ẹni tuntun lọ́wọ́. Mẹ́rin pẹ̀lú mẹ́rin dára. Tí wọ́n bá pọ̀ jù, wọ́n á máa ti ẹni tuntun síwá sẹ́yìn, kò sì ní kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ìpè. Níbí, ọmọdé kò lè máa fa àgbà lápá. Kó na ọwọ́ síbi tó yẹ kí wọ́n bá a, kó dákẹ́. Àgbà á rí i.

Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń tì èèyàn síta gan-an ni àárín orin kan sí èkejì, nígbà tí kò sí òfin. Àwọn ọ̀rẹ́ á sáré kún ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ tó wà níwájú, nítòsí olùpè. Àwọn tuntun á ṣẹ́kù jọ lẹ́yìn, tiwọn á sì máa tú lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Kí alága pín káàdì onínọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà, kó máa pe nọ́ńbà mẹ́jọ-mẹ́jọ kí orin kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì rí ẹgbẹ́ tó ku ẹni méjì kó pé mẹ́jọ kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá lọ wá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.