Àjẹjù lédè Lárúbáwá: bí lẹ́tà mẹ́ta ṣe ń bí gbogbo orúkọ tó ń jẹ́

Gbogbo ẹni tó ti jókòó níbi wáàsí Ràmàdáánì ló ti gbọ́ "kuluu washrabuu wa laa tusrifuu" rí, inú Súrà Al-A'raaf ló wà, áyà 31. Aáfà á túmọ̀ ẹ̀ pé ẹ máa jẹ, ẹ máa mu, ẹ má jẹ àjẹjù, á sì kọjá lọ. Ìtumọ̀ yẹn dáa o, ṣùgbọ́n Lárúbáwá àtijọ́ ò ní orúkọ kan ṣoṣo fún àjẹjù, ó pọ̀ gan-an lọ́wọ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Bí èdè yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ló ní gbòǹgbò, gbòǹgbò yìí sì sábà máa ń jẹ́ kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta. Mẹ́ta yìí ló gbé ìtumọ̀ dání, fáwẹ̀lì tó bá wọ àárín wọn àti lẹ́tà tí wọ́n bá fi kún un ló ń sọ bóyá ìṣe ni, àbí ẹni tó ń ṣe é, àbí ohun tí wọ́n ṣe. Ó dà bí ìgbà tí bíríkìlà po yẹ̀pẹ̀ àti sìmẹ́ńtì, tó wá ń dà á sí mọ́ọ̀dù oríṣiríṣi, ohun tó pò ò yí padà, mọ́ọ̀dù ló ń sọ bí búlọ́ọ̀kù ṣe máa rí. Mọ́ọ̀dù yìí làwọn ọmọ kéwú ń pè ní wazn.

Ẹ mú alif, kaaf àti laam. Akala, ó jẹun. Aakil, ẹni tó ń jẹun. Ma'kuul, ohun tí wọ́n jẹ. Ukla, òkèlè kan. Tí wọ́n bá wá tẹ kaaf àárín mọ́lẹ̀ tó di akkaal, ẹni tó ń jẹun bí ẹní máa kú nìyẹn. Wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ "jù" kankan kún un, mọ́ọ̀dù yìí náà ni wọ́n fi ń pe káfíńtà ní najjaar àti ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní khabbaaz, torí náà akkaal ti sọ oúnjẹ di iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀.

Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí, nìyí. Marida, ó ń ṣàìsàn, àìsàn yẹn ni marad. Atisha, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, atash. Ta'iba, ó ti rẹ̀ ẹ́, ta'ab. Arija, ó ń tiro, araj. Ẹ wá gbọ́ tàwọn tó ń jẹ àjẹjù: bashima, basham. Nahima, naham. Shariha, sharah. Jashi'a, jasha'. Batira, batar. Ohùn kan náà ni gbogbo ẹ̀! Mọ́ọ̀dù yìí ni Lárúbáwá sábà máa ń lò fún ohun tó bá èèyàn tàbí tó wọ̀ ọ́ lára, àìsàn, àbùkù, ìdùnnú, ìbànújẹ́ (kì í ṣe gbogbo ìgbà ṣá, shariba, ó mu nǹkan, náà wà níbẹ̀). Akala, jíjẹun lásán, ọ̀dọ̀ kataba, ó kọ̀wé, ló wà, lọ́dọ̀ àwọn ohun téèyàn ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, àmọ́ téèyàn bá ti jẹ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, èdè náà á gbé e kúrò níbẹ̀, á kó o lọ bá àwọn aláìsàn.

Tẹ́ ẹ bá wá wo ibi táwọn gbòǹgbò yìí ti wá, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sin ẹran. Bashima, wọ́n máa ń fi sọ ti ọmọ ràkúnmí tó mu wàrà ìyá ẹ̀ ní àmujù náà. Bitna inú batn, ikùn, ló ti jáde, wọ́n sì máa ń pa á lówe pé al-bitna tudhhibul-fitna, ìyẹn ni pé àjẹkì máa ń lé làákàyè lọ. Fitna ti ibí yìí kì í ṣe èyí táwa Yorùbá sọ di fìtínà o, taa tó wúwo ló wà nínú èyí tí wọ́n ń pe làákàyè, taa fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú ti fìtínà, gbòǹgbò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Èyí tó lágbára jù lójú tèmi ni h-b-t. Tí òjò bá rọ̀ lásálẹ̀ tí koríko tútù hù, ẹran tí ebi ti ń pa látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á sáré bá a, á jẹ ẹ́ láìdúró, koríko yẹn á máa hó nínú ẹ̀, gáàsì á kún un, ikùn á wú, tí gáàsì ò bá sì rọ́nà jáde, ẹran á kú. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń wò ó lókèèrè á rò pé ẹran yẹn sanra ni. Habat ni wọ́n ń pe wíwú yìí. Òun ni Ànábì Muhammad fi ṣàpèjúwe owó ayé nínú hádíìsì kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà látẹnu ẹ̀, tó wà nínú ìwé Bukhari, pé nínú ohun tí ìgbà òjò ń hù, èyí tó ń fi habat pa ẹran wà níbẹ̀, àfi ẹran tó jẹun tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kún, tó wá kọjú sí oòrùn, tó yàgbẹ́, tó tọ̀, kó tó padà lọ jẹ. Gbòǹgbò yìí náà ló wà nínú "habitat a'maaluhum" tó wà nínú Al-Baqara áyà 217, tí wọ́n máa ń túmọ̀ sí pé iṣẹ́ wọn ti bàjẹ́. Ar-Raaghib al-Isfahaani tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ inú Àlùkùránì so méjèèjì pọ̀, iṣẹ́ tó wú bí ẹni sanra, tó sì jẹ́ pé ikú ló wà nínú ẹ̀.

Àwọn kan ò sí fún ikùn rárá, ojú ni wọ́n ń bá wí. Naham ni kéèyàn máa jẹun kí ojú ẹ̀ má kún. Jasha' tún le jùyẹn lọ, kéèyàn gba ìpín tiẹ̀ tán kó tún máa wo ti ẹlòmíì, ọ̀kánjúwà gidi. Tufaylii ni mogbọ́-moyà, ẹni tí wọn ò pè síbi ìyàwó tó wá jẹun, orúkọ ọkùnrin kan nílùú Kufa tó ń jẹ́ Tufayl ni wọ́n sì ti fà á yọ, torí ìwà ẹ̀ nìyẹn.

Israaf ní tiẹ̀, s-r-f, òun ló wà nínú "tusrifuu" tá a fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan. Kíkọjá ààlà nínú ohunkóhun ni, torí ẹ̀ ni Súrà Al-Israa áyà 33 ṣe lò ó fún ẹni tó fẹ́ gbẹ̀san tó sì pààyàn kọjá ẹ̀tọ́, tí Az-Zumar áyà 53 sì lò ó fún àwọn tó ti ṣẹ̀ ju bó ṣe yẹ sí ara wọn. Tabdhiir ló sún mọ́ ìná àpà, inú badhr, irúgbìn, ló ti wá, ẹni tó ń fọ́n owó káàkiri bí ẹní ń fúnrúgbìn. Taraf jẹ́ ìgbádùn tó ti ba èèyàn jẹ́, batar sì ni kí ọrọ̀ máa gun èèyàn títí á fi gbàgbé ara ẹ̀, bíi ti ìlú tí Al-Qasas áyà 58 ń sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ wá wọn fúnra ẹ̀ nínú Lisaan al-Arab, ìwé atúmọ̀ èdè tí Ibn Manzuur parí lọ́dún 1290, gbòǹgbò ló máa kọ́kọ́ yọ, torí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn gbòǹgbò ni wọ́n fi tò ó, lẹ́yìn náà lẹ́tà àkọ́kọ́. Bashima wà lábẹ́ miim. Èyí tó máa ń da àwọn ọmọ kéwú láàmú ni tukhama, inú rírun tí àjẹjù ń fà. Ẹni tó bá wá a sí t-kh-m, tukhuum, ààlà ilẹ̀, ló máa bá pàdé. W-kh-m ni gbòǹgbò ẹ̀, ilẹ̀ tí kò bá èèyàn lára mu, oúnjẹ tó wúwo nínú, waw ibẹ̀ ló di taa, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nínú taqwaa tó ti inú w-q-y wá.