Àgbàdo Tí Ẹ Ń Dà Sílẹ̀ fún Àgbọ̀nrín

Bí yìnyín bá ti bo ilẹ̀ ní Wyoming, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Dókítà, àwọn àgbọ̀nrín ẹ̀yìnkùlé wa ti rù, oúnjẹ wo ni kí a rà fún wọn?" Láti ọdún mélòó kan ni mo ti ń sọ pé kí wọ́n má ra nǹkan kan. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ ra àgbàdo.

Inú ṣàkì ẹran yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n ń mú kí oúnjẹ rẹ̀ dà, àwọn tí ó sì pọ̀ níbẹ̀ nígbà òtútù ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀ka igi àti igbó gbígbẹ. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó lè yí padà fún oúnjẹ mìíràn. Bí àgbàdo bá já lù wọ́n lójijì, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó fẹ́ràn rẹ̀ á bí sí i rẹpẹtẹ, wọ́n á sọ ṣàkì di ìkòkò omi kíkan, omi náà á bó awọ inú ṣàkì, á sì fa omi ara kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wá sínú ikùn, títí ẹran náà yóò fi máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, tí yóò sì kú láàárín wákàtí 24 sí 72. Ó yó kú ni.

Rírù tí ẹ ń rí yẹn kì í ṣe àìsàn. Tí a bá mú àgbọ̀nrín ní oṣù Kejìlá láti so ẹ̀rọ mọ́ ọn lọ́rùn, a máa ń fi ẹ̀rọ irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aláboyún wo bí ọ̀rá ìdí rẹ̀ ṣe nípọn tó, a ó sì tún un wò ní oṣù Kẹta. Ohun tí ó ti kó pamọ́ láti ìgbà ooru ni ó ń ná. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́, kí ó dáàbò bo pápá tí ó ti ń jẹun nígbà ooru àti ọ̀nà tí ó ń gbà ṣí kiri.

Àwọn kan á ní ìjọba ṣáà ń bọ́ elk, ìbátan àgbọ̀nrín tí ó tóbi jù ú lọ, ní ìlú Jackson ní Wyoming níbí láti nǹkan bí ọdún 1912. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n koríko ni elk fi ń ṣe oúnjẹ ju àgbọ̀nrín lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìkórajọpọ̀ náà ti mú kí àrùn tí ń jẹ́ kí oyún wálẹ̀ fìdí múlẹ̀ láàárín wọn. Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni àrùn CWD (Chronic Wasting Disease, àrùn tí ń mú ẹran rù títí yóò fi kú), tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí lára àgbọ̀nrín inú ọgbà ní ìpínlẹ̀ Colorado ní ọdún 1967. Ó ń sọ ọpọlọ ẹran di bíi kànìnkànìn. Ó ń bá itọ́, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i lára elk ní Grand Teton, ọgbà ẹranko ìjọba tí ó wà nítòsí Jackson, ní ọdún 2020. Kò ní oògùn, kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Síbẹ̀, ẹnìkan gbé ìgò kan wá fún mi lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ó ní tí a bá pò ó mọ́ iyọ̀, àrùn náà kò ní lè wọlé. Mo lé e jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ṣẹ́ yìí. N kò ní jókòó kí ẹni tí kò la ikùn àgbọ̀nrín kan rí máa ta irọ́ fún àwọn aláàánú ènìyàn.

Ní ìparí oṣù Kejì ọdún kan, bàbá àgbàlagbà kan pè mí pé ebi ti pa àgbọ̀nrín méje sẹ́yìn ilé wọn. Mo bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú àpò àgbàdo méjì tí ó ti tán àti ẹ̀kẹta tí ó kù díẹ̀. Mo la ọ̀kan. Òórùn kíkan gbalẹ̀ kan, àgbàdo odindi kún inú rẹ̀, nígbà tí mo sì fi ìka kan awọ ṣàkì, ó ṣí kúrò bí awọ tí omi gbígbóná dà sí. Bàbá ṣì ń sọ pé àwọn ni kò tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn. Mo bá fọ́ egungun itan ẹran náà níwájú wọn. Bí ebi bá ti gba ẹ̀mí ẹran, mùdùnmúdùn inú egungun a máa pọ́n, a sì máa yọ̀ bí ikun. Funfun ni èyí, ó sì le dáadáa.

Bàbá wò ó títí. Wọ́n wọlé lọ mú ṣọ́bìrì méjì jáde, wọ́n fún mi ní ọ̀kan, a sì ń kó àgbàdo kúrò nínú yìnyín títí ilẹ̀ fi ṣú, nígbà tí àgbọ̀nrín mẹ́ta dúró létí igi tí wọ́n ń wò wá.